Ọ̀rọ̀ Tí A Fi Gba Òkú Lateef

“Tún un sọ,” ni Alhájì Mikail wí.

Fàdìlàt gbójú sókè. Láti ìdájí ló ti jókòó sórí àga ńlá nínú pálọ̀ ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ yìí. Ìbòrí dúdú tí wọ́n fi bò ó lórí ti ń yọ̀ bọ́ sẹ́yìn ọrùn, kò sì rántí fà á sókè.

“Orí ọkọ mi kò pé.”

“Má wolẹ̀ bí o bá ń sọ ọ́. Bí o bá wolẹ̀, wọn á ní ẹnì kan ló kọ́ ọ. Kí ló máa ń ṣe é?”

“Ó máa ń dá sọ̀rọ̀. Ó máa ń jí dìde rìn kiri lóru. Ó ti fẹnu ara rẹ̀ sọ rí pé ọkọ̀ ojú irin ni yóò gbé òun lọ.”

“Ẹn-ẹn. Ibẹ̀ gan-an ni kí o dákẹ́ sí.”

Ìyàwó Alhájì gbé omi wá nínú ife, ó gbé e ka orí tábìlì, ó sì yára jáde láìwo ojú opó. Lóde, àwọn ọkùnrin abúlé jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń fa tẹ̀sùbáà. Wọ́n ti gbẹ́ sàréè láti àná. Òkú ni kò tíì sí. Mọ́ṣúárì kan ní Ìbàdàn ni àwọn òṣìṣẹ́ reluwé gbé Lateef lọ nígbà tí wọ́n kó o kúrò lórí irin, ọ̀gá wọn sì ti bá Alhájì sọ̀rọ̀ lórí fóònù.

“Bàbá Alhájì,” ni Fàdìlàt wí, “ṣé a ò lè gbà á láìsọ èyí?”

Alhájì sún mọ́ ọn. Kì í ṣe ẹni tó máa ń jágbe mọ́ èèyàn. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀, ó sì tutù bí ti ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún.

“Fàdìlàt, gbọ́ mi. Bó bá jẹ́ ọkọ̀ ló pa á, ẹjọ́ nìyẹn. Ẹjọ́ kì í tán bọ̀rọ̀, òkú tó bá sì wà lẹ́nu ẹjọ́, mọ́ṣúárì ni yóò máa gbé. Bó bá jẹ́ òun ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ pàdé ọkọ̀, wọn á ní kí Ọlọ́run forí jì í, wọn á sì yọ̀ǹda rẹ̀ fún wa lónìí. Mùsùlùmí ni wá. Àbí o fẹ́ kí ọkọ rẹ máa sùn nínú yìnyín bí ẹja?”

“Orí Lateef pé.”

“Ta ni kò mọ̀? Ọmọ àbúrò bàbá mi ni. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Bí a bá ti sin ín tán, ó parí.”

Gbogbo Ìdí-Òro ló mọ ohun tó pa Lateef. Nígbà tí Ilé-iṣẹ́ Ọkọ̀ Ojú Irin Àárín-Oko ń la ọ̀nà tí yóò so àwọn ìlú ẹ̀yìn Ìbàdàn pọ̀, láti Akínyẹlé wá sí Ìyànà Ọ̀fà, láti Ìyànà Ọ̀fà dé Ẹ̀gbẹ́dá, títí dé Akanran, àárín abúlé wọn gan-an ni irin náà gbà. Ilé bọ́ sí apá kan, oko àti odò bọ́ sí apá kejì. Àwọn tó wá wọn ilẹ̀ ti fi ọ̀dà pupa sàmì sí ẹ̀gbẹ́ ilé-kéú, wọ́n ní ibẹ̀ ni àwọn yóò la ihò sí lábẹ́ irin kí ẹlẹ́sẹ̀ lè máa gba ibẹ̀ kọjá. Nígbà tí iṣẹ́ dé ibẹ̀, wọn kò la nǹkan kan. Òkè réré, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí Alhájì Mikail ti ń wa yanrìn tà, ni wọ́n lọ la ihò náà sí. Ó ga, ó fẹ̀, ọkọ̀ akóyanrìn sì ń gba inú rẹ̀ kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Alhájì ni aṣojú abúlé lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ náà. Òun ló sọ fún wọn pé ibẹ̀ ló rọ gbogbo ará abúlé lọ́rùn. Ẹni tó ru ẹ̀gẹ́ láti oko, tó fẹ́ gba ibẹ̀ délé, ọrùn rẹ̀ á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọnú àyà kó tó dé. Bí àwọn èèyàn ṣe gé wáyà tí wọ́n fi ṣọgbà ojú irin nìyẹn, tí ọmọdé àtàgbà ń gba ibẹ̀ sáré kọjá.

Lateef nìkan ni kò dákẹ́. Ìpàdé yòówù kí wọ́n pè, ìbáà ṣe ti omi, ìbáà ṣe ti iná, yóò dìde lẹ́yìn, yóò ṣí fìlà lórí, yóò ní, “Ihò wa dà?” Àwọn èèyàn a máa rẹ́rìn-ín. Wọ́n sọ ọ́ ní Lateef Oníhò. Ó kọ́kọ́ bínú sí orúkọ náà, nígbà tó yá, ó ń dáhùn sí i. Lọ́jọ́ tó kú, ó ti kẹ̀kẹ́ tó di àpò ẹ̀gẹ́ sí lẹ́yìn gba ojú wáyà, táyà iwájú sì há sáàárín irin àti òkúta. Koríko ti ga bo ibi tí ọ̀nà irin ti yà, ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti Ẹ̀gbẹ́dá kò sì fun fèrè. Àwọn obìnrin tó wà létí odò pariwo, “Fi í sílẹ̀! Lateef, fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀!” Kò fi í sílẹ̀. Ẹ̀gẹ́ tí wọn yóò fi ṣe gàrí ìgbéyàwó Kifayah, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ló wà lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ náà.

Ọ̀gbẹ́ni Fọlájìmí tí ilé-iṣẹ́ rán wá dé kí oòrùn tó kan àtàrí. Ẹ̀wù funfun ló wọ̀, bàtà rẹ̀ ń dán, ó sì dọ̀bálẹ̀ kí àwọn àgbà tó wà lóde kó tó wọlé. Ọmọbìnrin kan, Títílọpẹ́, tẹ̀ lé e.

“Ẹ kú ìrọ́jú, mà,” ló wí fún Fàdìlàt. “Gbogbo wa ní ilé-iṣẹ́ la bá yín kẹ́dùn. A ò ní pẹ́ rárá. Ẹ kàn sọ ohun tí ẹ mọ̀.”

Títílọpẹ́ gbé fóònù sókè láti gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Fàdìlàt sọ ọ́. Ó sọ pé orí ọkọ òun kò pé, ó sọ ti rírìn lóru, ó sì ń sọ̀rọ̀ nípa ọkọ̀ ojú irin lọ́wọ́ nígbà tí ewúrẹ́ kan fi orí ti ilẹ̀kùn wọlé, tó sì ké.

“Ẹ má bínú, mà,” ni Títílọpẹ́ wí, “ewúrẹ́ yẹn ti bà á jẹ́. Ẹ bá wa bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.”

Wọ́n lé ewúrẹ́ jáde. Ó tún un sọ. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì já geere.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọkọ̀ gbé Lateef dé. Wọ́n wẹ̀ ẹ́ bí wọ́n ṣe lè wẹ̀ ẹ́, wọ́n kírun sí i lára, wọ́n sin ín sí ẹ̀yìn ilé. Fàdìlàt kúnlẹ̀ níwájú Alhájì Mikail lójú gbogbo èèyàn, ó dúpẹ́. Kì í ṣe àfẹnujẹ́. Inú rẹ̀ dùn sí ọkùnrin náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn ju bó ti dùn sí ẹnikẹ́ni lọ, nítorí ọkọ rẹ̀ ti wà nínú ilẹ̀.

Inú opó ló ṣì wà, ó ń bó ẹ̀gẹ́ lẹ́yìnkùlé, nígbà tó gbọ́ ohùn ara rẹ̀ láti inú rédíò Sàníù, aládùúgbò wọn. Ọkùnrin kan ló kọ́kọ́ ń sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ dùn bí oyin: “Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń gbé etí ọ̀nà reluwé, ẹ máa ṣọ́ àwọn aláìlera ọpọlọ tó wà láàárín yín. Ẹ gbọ́ ohun tí ìyá kan sọ.” Lẹ́yìn náà ni òun fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́, geere, láìsí ewúrẹ́. Sàníù sáré pa rédíò. Òun àti Fàdìlàt wo ara wọn lórí ọgbà. Lọ́jọ́ kejì wọ́n tún gbé e sáfẹ́fẹ́. Ó di ohun tí wọ́n ń gbé sáfẹ́fẹ́ ṣáájú ìròyìn.

Àwọn tó ń bá a kẹ́dùn bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn mìíràn kí i. Ní ọjà Ìyànà Ọ̀fà, níbi tí Kifayah ti ń ra òwú ìránṣọ, àwọn obìnrin a dákẹ́ bó bá dé, wọn a tún bẹ̀rẹ̀ bó bá lọ. Àwọn tó mọ Lateef dáadáa pàápàá ń mi orí. Wọ́n ní, “Àṣé àìsàn ni ihò tó ń pè kiri yẹn! Àwa ń fi í ṣẹ̀rín, a ò mọ̀ pé ohun tó ń ṣe é nìyẹn.” Nígbà tí ìpàdé abúlé tún pé, wọ́n sọ̀rọ̀ omi, wọ́n sọ̀rọ̀ iná. Kò sẹ́ni tó bi ẹnikẹ́ni léèrè ihò. Ta ni yóò dìde béèrè rẹ̀?

Akanran ni àwọn àna Kifayah wà. Mahfuz ni orúkọ ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀, ọmọ Alfa Ìyàndá, mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ tí kì í pariwo. Wọ́n ti mọ ara wọn nílé lóko, wọ́n ti mú ọjọ́ kí Lateef tó kú, wọ́n sì ní àwọn yóò dúró kí opó parí. Opó parí, wọn kò dé. Nígbà tó yá, wọ́n rán ìyá àgbàlagbà kan wá. Obìnrin náà kò jẹ, kò mu. Ó ní, “Ìyá Kifayah, ẹ fojú àánú wò wá. A ò rí ohun burúkú kan lọ́wọ́ ọmọ yín. Ṣùgbọ́n àrùn orí, ẹ̀jẹ̀ ló ń bá rìn. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ sọ ọ́.”

Ọ̀dọ̀ Alhájì Mikail ni Fàdìlàt gbà lọ tààrà. Ó bá a níbi yanrìn, ó ń wo bí wọ́n ṣe ń di ẹrù sínú ọkọ̀.

“Ẹ̀yin ni olórí ẹbí,” ló wí lórí ìkúnlẹ̀. “Bí ẹ bá dé Akanran, tí ẹ sọ fún wọn pé orí Lateef pé, wọn á gbà.”

“Dìde, dìde. Kí n lọ sọ fún wọn pé irọ́ la pa?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá Alhájì.”

“Wọn á bi mí pé kí ló wá ń ṣe lórí irin bí orí rẹ̀ bá pé. Kí ni kí n wí?”

“Kí ẹ sọ pé kò sí ọ̀nà míì.”

Ọkọ̀ akóyanrìn kan bọ́ sínú ihò abẹ́ irin, ariwo rẹ̀ bo gbogbo ibẹ̀, Alhájì sì dúró dè é kó jáde lódìkejì. Nígbà tí ibẹ̀ pa rọ́rọ́, ó fọwọ́ nu òógùn iwájú rẹ̀.

“Fàdìlàt, ọkọ kò tán láyé. N óò bá Kifayah wá ọkọ. Àní n óò wá èyí tó dáa ju ọmọ mẹkáníìkì yẹn lọ. Má jẹ́ ká tú ohun tó ti wà nílẹ̀.”

Fàdìlàt pinnu láti lọ fúnra rẹ̀. Ọkọ̀ Àárín-Oko ni ó yá jù dé Akanran, ṣùgbọ́n kì í dúró ní Ìdí-Òro. Ilé-iṣẹ́ ti kọ́ ibùdó kékeré kan síbẹ̀ lóòótọ́, wọ́n kùn ún ní ọ̀dà aláwọ̀ ewé, wọ́n to àga irin sí i. Alhájì ló kó yanrìn rẹ̀. Ewúrẹ́ ló ń sùn níbẹ̀. Fàdìlàt ní láti gun ọ̀kadà dé Ìyànà Ọ̀fà kó tó lè wọ ọkọ̀ tí yóò gbé e gba ẹ̀yìnkùlé ara rẹ̀ kọjá.

Kò wọ inú rẹ̀ rí. Inú ọkọ̀ tutù, àga rẹ̀ rọ̀, ohùn obìnrin kan sì ń pe orúkọ ibùdó fún wọn láti òkè. Nígbà tí wọ́n kúrò ní Ìyànà Ọ̀fà, ohùn náà ní, “Ibùdó tó kàn ni Ẹ̀gbẹ́dá,” bí ẹni pé kò sí nǹkan kan láàárín. Fàdìlàt fi iwájú orí ti fèrèsé. Ó fẹ́ rí ibẹ̀. Ó rí òrùlé ilé-kéú, ó rí àwọn obìnrin méjì tó gbé omi rù, tí wọ́n dúró létí wáyà tí wọ́n ń retí kí ọkọ̀ kọjá, ọ̀kan nínú wọn fi ọwọ́ kan di etí. Ó fẹ́ dá wọn mọ̀. Kó tó mọ ẹni tí wọ́n jẹ́, igbó ló ń wò. Ọkùnrin tó jókòó tì í ń tẹ fóònù, kò gbórí sókè. Kò sí ìdí tí yóò fi gbé e.

Alfa Ìyàndá gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ó ní kí wọ́n tẹ́ ẹní fún un nínú afẹ́fẹ́, ó sì jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán láìdá a lẹ́nu. Fàdìlàt sọ gbogbo rẹ̀: ihò, yanrìn, mọ́ṣúárì, àti bí wọ́n ṣe jókòó kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ bí ọmọ kéú. Ó ní kí wọ́n gbé Kùránì wá kí òun búra.

“Ẹ má wulẹ̀ búra, Ìyá Kifayah,” ni Alfa wí. Ojú rẹ̀ kò le. “Bí ẹ búra, bí ẹ ò búra, ibì kan náà ni yóò já sí. Bí ohun tí ẹ sọ lórí rédíò bá jẹ́ òótọ́, àrùn wà nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ. Bó bá jẹ́ irọ́, a jẹ́ pé ìyá ọmọ ló pa á mọ́ ọkọ rẹ̀ tó ti kú. Èwo nínú méjèèjì lẹ fẹ́ kí n mú wọ agboolé?”

“Òkú rẹ̀ ni mo fẹ́ gbà, Alfa. Òkú rẹ̀ nìkan ni.”

Alfa dorí kodò.

“Mo gbọ́. Bó bá jẹ́ èmi nìkan ni, ǹ bá mọ ohun tí n óò ṣe. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹbí ló ti gbọ́ ti rédíò, kò sì sẹ́ni tí yóò gbé èyí sáfẹ́fẹ́ fún wọn.”

Ó sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Mahfuz wà lóde, ó dọ̀bálẹ̀ kí i, kò sì lè wo ojú rẹ̀.

Kifayah wà nídìí máṣíìnì nígbà tí ìyá rẹ̀ wọlé. Kò béèrè bí ìrìn àjò ti rí. Ó ti rí i lójú rẹ̀. Ó rán aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ dé ìparí, ó já òwú, ó sì ká a.

“Màmá, ṣé Bàbá mi ya wèrè ni?”

Fàdìlàt jókòó sílẹ̀ gbì. “Ìwọ náà, Kifayah? Ṣé ojú rẹ kọ́ ni gbogbo rẹ̀ ṣe?”

“Ojú mi ni. Ṣùgbọ́n bí mo bá ń rántí wọn báyìí, bí wọ́n ṣe máa ń dìde nípàdé, bí wọ́n ṣe máa ń sọ̀rọ̀ ihò yẹn fún mi bí a bá ń lọ sóko, n ò mọ èyí tí mo fojú mi rí mọ́. N ò mọ èyí tí mo gbọ́ ní rédíò.”

“Orí bàbá rẹ pé. Mo fi Ọlọ́run búra.”

“Mo ti gbọ́, mà.” Ó gbé ọwọ́ lé aṣọ tó ká náà, ó ń tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún. “Bí wọ́n bá wá bi mí níbòmíràn, èwo ni kí n sọ?”

“Sọ pé ọkọ̀ ojú irin ló pa wọ́n.”

“Wọn á ní, báwo ló ṣe pa wọ́n?”

Fàdìlàt la ẹnu. Ohun tó mọ̀ ọ́n sọ jù lọ ló wá sí i lẹ́nu, ó sì pa ẹnu dé.

Kí òjò tó dá, Kifayah ti kó lọ sí Alakia, ó lọ ń ránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ọmọ́wùnmí. Ó máa ń pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù lákọ̀ọ́kọ́, ọ̀rọ̀ wọn a sì máa pẹ́. Nígbà tó yá, ó di pé ìyá rẹ̀ ló ń pè é, Kifayah a sì máa sọ pé èrò wà lọ́dọ̀ òun. Fàdìlàt kò bínú. Ó rò ó pé bí ọmọ bá rọ́wọ́ mú, yóò wálé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọdún Iléyá kọjá tí kò rí i, ó di gàrí sínú àpò, ó wọ ọkọ̀ dé Ẹ̀gbẹ́dá, ó sì béèrè ọ̀nà títí ó fi rí ṣọ́ọ̀bù náà.

Ọkọ̀ òfúrufú kan ń sọ̀ kalẹ̀ bọ́ sí pápákọ̀, ariwo rẹ̀ mú kí gbogbo ilé gbọ̀n. Fàdìlàt dúró lẹ́nu ọ̀nà kó kọjá. Ó rí ọmọ rẹ̀ nínú lọ́hùn-ún, ó ti sanra díẹ̀, ó so téèpù ìwọ̀n kọ́rùn, ó ń bá ọmọbìnrin kan tó jókòó tì í rẹ́rìn-ín. Ọdún ti gorí ọdún tí Fàdìlàt ti gbọ́ ẹ̀rín náà kẹ́yìn.

“Ẹ káàbọ̀, mà,” ni Ọmọ́wùnmí wí láti ẹ̀yìn tábìlì. Obìnrin ọlọ́yàyà ni, ó ti dìde kó tó sọ̀rọ̀ tán. “Ta lẹ ń wá?”

Fàdìlàt kò tíì dáhùn nígbà tí Kifayah gbórí sókè. Ẹ̀rín kú lójú rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni wọ́n, mà,” ni Kifayah wí kíákíá. “Láti abúlé ni.”

“Háà! Ẹ̀yin lẹ wá náà?” Ọmọ́wùnmí gba àpò gàrí lọ́wọ́ rẹ̀, ó fa àga fún un. “Ẹ jókòó, mà, ẹ sinmi. Ẹ ṣeun tí ẹ ò pa ọmọ yìí tì. Ọmọ tí bàbá kú fún, tí ìyá tún kú tẹ̀ lé e, kò rọrùn. Mo máa ń sọ fún un pé kó má sunkún mọ́, èmi náà ni ìyá rẹ̀ níbí. Ó múṣẹ́, kò ní ìjọ̀ngbọ̀n kankan. Kí Ọlọ́run tẹ́ ìyá rẹ̀ sí afẹ́fẹ́ rere.”

Fàdìlàt wo Kifayah. Kò sí ìbínú lójú ọmọ náà. Ẹ̀bẹ̀ ló wà níbẹ̀.

“Àmín,” ni Fàdìlàt wí.